Àgbélébùú ní Ilẹ̀ Ìjọba



Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti wọ ilé ìsìn àwọn ará wa ti Ìjọ Àpọ́sítélì Krístì ní Eruku ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sì kó ènìyàn 38 wọ inú igbó lọ, ọkàn wa ní agbègbè Èkìtì àti Oke-Ero kò tíì balẹ̀ bí ó ti yẹ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé àwọn 38 náà padà wá láàyè kí oṣù náà tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù a máa ní ìmọ̀ràn tirẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ìmọ̀ràn ẹ̀rù ni ó yẹ kí a gbà.

Àwọn kan nínú yín ti tọ̀ mí wá, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní kí a kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ kí ó fi owó ìlú gbé àgbélébùú gíga kan dúró níwájú ilé iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí ó bá ń bọ̀ lè mọ̀ láti òkèèrè pé ilẹ̀ onígbàgbọ́ ni òun fẹ́ wọ̀. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe nítorí ẹ̀rù ni àwọn fi ń bèèrè, bí kò ṣe nítorí ẹ̀tọ́: ìjọba ń ṣe ti àwọn ẹlòmíràn fún wọn, èé ṣe tí kò fi ní ṣe tiwa? Ọ̀rọ̀ náà gùn ju èyí tí a lè sọ tán ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn Mísà. Èmi kò lè fi ọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè: ta ni ó ni ilẹ̀ ìjọba? Ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà ní Iloffa, àti èyí tí ó wà ní Araromi-Opin, kì í ṣe ilẹ̀ alága, kì í sì í ṣe ilẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn tí wọ́n bá pọ̀ jù ní àdúgbò. Ìyá tí ó ń ta gààrí ní ọjà Osi, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, owó rẹ̀ wà nínú àpò ìjọba. Àgbàlagbà tí ó ṣì ń bọ òrìṣà tí baba rẹ̀ bọ, owó tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bí a bá bu owó nínú àpò yìí láti fi gbé àgbélébùú, a ti fi ọwọ́ ìjọba mú ẹni tí kò gba Krístì gbọ́ kí ó san owó ohun tí kò gbà gbọ́. Ǹjẹ́ irú owó bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ fi bọlá fún Ẹni tí ó fi ara Rẹ̀ sílẹ̀ fún wa láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ipá mú Un?

Ẹ sì mọ bí ilé wa ti rí. Lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n a máa lọ sí Mísà ní ọjọ́ Ìsinmi, àbúrò a máa lọ sí Jímọ́ọ̀, ìyá kan náà ni ó sì bí wọn. Nígbà tí a bá ń ṣe ìyàwó tàbí òkú, ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn fi ń se oúnjẹ. Àwọn tí ń gbé ní ibòmíràn lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Mùsùlùmí àti Krístẹ́nì jẹ́ ẹ̀yà méjì. Àwa kò lè sọ bẹ́ẹ̀ kí a má purọ́.

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 sọ ní abala kẹwàá pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Ní abala 38 ó fún olúkúlùkù ní òmìnira láti gbàgbọ́, láti yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà, àti láti jọ́sìn ní ìkọ̀kọ̀ tàbí ní gbangba. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn amòfin lásán ni èyí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1965, Ìgbìmọ̀ Vatican Kejì kọ́ gbogbo Ìjọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni nínú ọ̀ràn ìgbàgbọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ipá dí i lọ́wọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò bá da ìlú rú; àti pé iṣẹ́ ìjọba ni láti dáàbò bo òmìnira yìí.

Nísinsìnyí, ẹ gbọ́ ìtàn àgbélébùú Ìbàdàn, nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa kò gbọ́ ọ rí, àwọn àgbà sì ti ń gbàgbé.

A dá ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ilẹ̀ ìjọba. Ní ọdún 1954 ni a gbé àgbélébùú ńlá kan dúró nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí ó wà nínú ọgbà náà, tí a ń pè ní Ṣọ́ọ̀ṣì Àjíǹde. Ó dúró níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún tí ẹnikẹ́ni kò bá a jà. Lẹ́yìn náà ni àwọn Mùsùlùmí kọ́ mọ́sálásí tiwọn nítòsí ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n wá ń péjọ láti kírun, wọ́n rí i pé àgbélébùú náà wà ní ọ̀gangan ojú wọn. Wọ́n bèèrè pé kí a gbé e kúrò. Àwọn Krístẹ́nì dáhùn pé àgbélébùú ni ó kọ́kọ́ dé, àti pé ẹni tí ó bá ilé nílẹ̀ kì í ní kí onílé kó jáde. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ṣẹ sí wọn lára, pé ohun tí ó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn.

Ọ̀ràn náà kò ti ọwọ́ àwọn ọ̀gá Yunifásítì kúrò ní ìrọ̀rùn. Ó dé ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1985 sí 1986, àkókò náà kò sì dára, nítorí oṣù kìn-ín-ní ọdún 1986 gan-an ni gbogbo ìlú gbọ́ pé Nàìjíríà ti wọ ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí tí a ń pè ní OIC, láìjẹ́ pé a bi ará ìlú léèrè. Àwọn Krístẹ́nì kò tún gbà gbọ́ mọ́ pé ìjọba lè dá ẹjọ́ láìṣègbè. Ohunkóhun tí ìjọba bá sọ nípa àgbélébùú kan ní Ìbàdàn, wọ́n á gbọ́ OIC nínú rẹ̀. Ní ọdún 1986 kan náà, iná jó ère Krístì tí ó jíǹde tí ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì náà. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni lórí iná yẹn, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí bí ó ti yá tó kí àríyànjiyàn lórí ibi tí ojú ń wò tó di iná.

Báwo ni ó ṣe parí? A kò wó àgbélébùú náà, a kò sì wó mọ́sálásí. Wọ́n mọ ògiri kan sí àárín méjèèjì, kí ẹni tí ń kírun má bàa máa rí ohun tí kò fẹ́ rí, kí ẹni tí ó gbé àgbélébùú rẹ̀ dúró má sì pàdánù rẹ̀.

Ògiri kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń yìn. Bí mo bá ní kí n sọ tinú mi, inú mi ìbá dùn jù bí ó bá jẹ́ pé wọ́n lè máa wo ara wọn láìsí ìbòjú. Síbẹ̀ mo ka ògiri yẹn sí ọ̀kan nínú àwọn ohun ọlọgbọ́n tí a ti ṣe ní ilẹ̀ yìí, nítorí pé kò sí ẹni tí ó borí. Ìnira Mùsùlùmí tí ó ń forí balẹ̀ tí ó sì ń rí àmì ẹ̀sìn ẹlòmíràn níwájú rẹ̀, ìnira tòótọ́ ni. Bí a bá gbé ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀ sí òkè pẹpẹ wa, a ó sọ̀rọ̀. Ẹ̀tọ́ àwọn Krístẹ́nì pé kí a má ṣe tu ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́ láti ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀tọ́ tòótọ́ ni pẹ̀lú.

Ẹ wá kíyè sí ohun tí àwọn Krístẹ́nì Ìbàdàn bèèrè. Wọn kò bèèrè pé kí ìjọba fi owó rẹ̀ gbé àgbélébùú kan kún èyí tí ó wà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí a má ṣe wó èyí tí ọwọ́ àwọn olùjọ́sìn gbé dúró. Ọ̀tọ̀ ni kí ìjọba dáàbò bo ohun tí ìgbàgbọ́ bí, ọ̀tọ̀ ni kí ìjọba fúnra rẹ̀ di ẹni tí ń bí i. Èkíní ni a ń pè ní àìṣègbè. Èkejì ni ó ń sọ fún ẹnìkejì wa pé àlejò ni ó jẹ́ ní ìlú tí a bí i sí.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní, “Fádà, ṣé ẹ fẹ́ kí ìjọba wá kó gbogbo àmì ẹ̀sìn kúrò ní gbangba ni?” rárá o. Ìjọba tí ó bá ń kiri láti máa wó ohun mímọ́ tí àwọn baba gbé dúró, òun náà ti ṣègbè, ó gbè sí ọ̀dọ̀ àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ọlọ́run. Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Maryland, àgbélébùú kan wà ní ìlú Bladensburg tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 40. Ọdún 1925 ni a parí rẹ̀ ní ìrántí ọkùnrin 49 láti àgbègbè náà tí wọ́n kú nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Ilẹ̀ tí ó wà ti di ti ìjọba, a sì gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ ní kí ó máa dúró: ó ti di ìrántí òkú àwọn ènìyàn, wíwó rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní jọ àìṣègbè lójú ẹnikẹ́ni. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n àgbélébùú tí a ní kí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ríì mọ́lẹ̀ ní Iloffa tàbí ní Araromi-Opin kò ní òkú kankan tí ó ń ṣe ìrántí rẹ̀. Iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe ni kí ó máa sọ ẹni tí ó ni ìlú.

Kí a má bàa rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni ó ń ṣe àṣejù, ẹ jẹ́ kí a wo ilé tiwa. Ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, Ààrẹ Houphouët-Boigny, ọmọ Ìjọ Àgùdà bíi tiwa, kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Màríà Ìyá Àlàáfíà sí ìlú rẹ̀, Yamoussoukro, láàárín ọdún 1985 sí 1989. Ó wà lára àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí ó tóbi jù lọ ní ayé, òkè rẹ̀ sì ga ju ti Pétérù Mímọ́ ní Róòmù lọ. Ààrẹ náà ní owó òun ni òun fi kọ́ ọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ìlú ń jìyà ọ̀wọ́n owó kòkó nígbà náà, ará ìlú tí ó wà ní ìta kò sì rí ààlà tí ó wà láàárín àpò ààrẹ àti àpò orílẹ̀-èdè. Nígbà tí a bẹ Póòpù John Paul Kejì kí ó wá yà á sí mímọ́, ó ní kí a kọ́ ilé ìwòsàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wá ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1990, ó yà á sí mímọ́, ó sì fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé ìwòsàn náà lélẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún kí ilé ìwòsàn yẹn tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún aláìsàn. Ọdún mẹ́rin péré ni ó gbà láti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ti Abuja, tí àwọn kan fi ń ṣe àpẹẹrẹ: òtítọ́ ni pé Mọ́sálásí Àpapọ̀ wà níbẹ̀ láti ọdún 1984, ilé ìsìn àpapọ̀ ti àwọn Krístẹ́nì sì parí ní ọdún 2005. Gba tìrẹ, gba tèmi nìyẹn. Ó lè mú kí ẹnu dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn méjì bá pín ẹran tí ẹni mẹ́ta jọ rà, pípín náà lè dọ́gba dáadáa, kó má sì tọ́.

Ẹni kẹta ni mo fẹ́ kí a rántí. Ní ọdún 2023, àwọn oníṣẹ̀ṣe kan fẹ́ ṣe ọdún wọn ní Ìlọrin, olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa, wọ́n sì dí wọn lọ́nà. Mélòó nínú àwa Krístẹ́nì Kwara ni ó la ẹnu? Síbẹ̀, ọdún méjì ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 2021, nígbà tí ìjọba ti ilé ẹ̀kọ́ mẹ́wàá ní Ìlọrin nítorí ọ̀ràn hijabu, àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ tí orúkọ àwọn ẹni mímọ́ sì ṣì wà lára ẹnu ọ̀nà àbáwọlé púpọ̀ nínú wọn, a sọ̀rọ̀, a sì ní ìdí láti sọ̀rọ̀. A ní ìgbàgbọ́ kò yẹ kí ó kúrò lára ohun tí ó kọ́ nítorí pé ìjọba ń san owó oṣù olùkọ́. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí a gbọ́ tirẹ̀ nígbà tí ó bá kéré níye ní Ìlọrin, kò lè máa fi iye rẹ̀ halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn ní Osi. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra, bí ẹyẹ kan kò bá ti sọ pé òun ni òun ni gbogbo rẹ̀.

Bí a bá sì ń wá àpẹẹrẹ bí ìgbàgbọ́ ti lè hàn ní gbangba ní ilẹ̀ yìí láìfi àṣẹ ìjọba ṣe ọ̀pá ìtìlẹ́yìn, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Láti Osi ni Àrẹògún ti wá, agbẹ́gilére tí ó kú ní ọdún 1954, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun lónìí. Ilẹ̀kùn, agere Ifá, àti ère Ẹ̀pà ni ó ń gbẹ́. Ọmọ rẹ̀, Bándélé, ni Fádà Kevin Carroll ti ẹgbẹ́ SMA mú lọ sí Oyè-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ère fún Ìjọ láàárín ọdún 1947 sí 1954: Màríà Mímọ́ àti Ọmọ rẹ̀, àwọn ọba mẹ́ta tí wọ́n mú ẹ̀bùn wá. Ọ̀nà tí baba fi ń gbẹ́ Ẹ̀pà ni ọmọ fi gbẹ́ ìtàn ìbí Jésù. Ọ̀dọ̀ Bándélé yìí ni Lamidi Fákẹ́yẹ ti Ìlá-Ọ̀ràngún ti kọ́ṣẹ́ síwájú sí i. Mùsùlùmí ni Lamidi, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ère púpọ̀ fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà. Kò sí mínísítà tí ó pàṣẹ fún un. Ìjọ ni ó san owó iṣẹ́ rẹ̀, inú ilé Ìjọ ni a gbé iṣẹ́ náà sí, ẹni tí ó bá sì fẹ́ wò ó lè wọlé wá wò ó.

Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n mú owó ẹyọ wá síwájú Olúwa wa láti fi dẹ Ẹ́ wò nípa owó orí. Ó bi wọ́n léèrè àwòrán ẹni tí ó wà lára rẹ̀. Ti ọba ni. Àwọn baba Ìjọ ìgbàanì ti bèèrè ìbéèrè kejì tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e: níbo wá ni àwòrán Ọlọ́run wà? Ara ènìyàn ni. Nígbà tí a kó àwọn 38 nì kúrò ní Eruku, àwòrán Ọlọ́run 38 ni a wọ́ gba inú igbó. Àwọn wọ̀nyẹn ni ìjọba jẹ wá ní gbèsè ìṣọ́ wọn. Bí ó bá fún wa ní àgbélébùú sìmẹ́ńtì níwájú ilé iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì fún wa ní ọlọ́pàá tí ó tó ní ojú ọ̀nà, ó ti fi ohun tí kò náni lówó púpọ̀ san gbèsè ńlá, àwa ni a ó sì ti bá a ṣe é, nítorí pé a bèèrè èyí tí kò jẹ wá.

Ìwé mìíràn wà tí mo ti kọ, ó wà lọ́wọ́ katikísì. Ó ń bèèrè pé kí ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ìpínlẹ̀ pèsè ìṣọ́ fún gbogbo ilé ìsìn agbègbè yìí ní ọjọ́ àti àkókò ìjọsìn wọn, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, kí wọ́n sì ṣán igbó tí ó ti bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo ti ránṣẹ́ sí Lèmọ́ọ̀mù pé mo fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Àwọn tí ó bá fẹ́ fọwọ́ sí i, kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ tó kọjá.

Ní ti àgbélébùú, a lè gbé e dúró. Ilẹ̀ Ìjọ ní àyè tí ó pọ̀ láti ibi kànga dé ìdí igi máńgòrò, ó sì ga tó pé ẹni tí ń ti ọjà bọ̀ yóò rí i. Owó tiwa ni a ó fi ṣe é. Ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ti ṣèlérí sìmẹ́ńtì àpò mẹ́wàá. Ẹni tí ó bá ní igi ìrókò tí ó ti gbẹ dáadáa, tàbí tí ó mọ agbẹ́gilére tí ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà ní Osi, kí ó wá rí mi lẹ́yìn Mísà kejì.